Ìdí Tí Mi Ò Fi Ní Bá Ọ Fi Àwo Kékeré Sí Kẹ̀kẹ́ Rẹ

Ṣọ́ọ̀bù Kẹ̀kẹ́,
Ṣakí.
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn ìrun àárọ̀.

Ràfíátù, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Àsàlámù àléékùn. Mi ò ní bi ọ́ bóyá ara le, nítorí ìyá rẹ ti ròyìn gbogbo rẹ̀ fún mi tán. Ó ní ara le, iṣẹ́ tuntun ń lọ dáadáa, yàrá tí wọ́n fún ọ ní Ìràwọ̀ kò jò, orúnkún ọ̀tún yẹn nìkan ni kò jẹ́ kí o gbádùn. Èyí tó kù ni ohun tí o fi ẹnu ara rẹ sọ fún mi lórí fóònù ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Òun ló mú kí n jókòó kọ lẹ́tà, èmi tí mi ò kọ nǹkan tó gùn ju rìsíìtì lọ láti ọdún pípẹ́ wá.

O ní kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ tí o rà láti máa fi gbé kúlà abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ sí àwọn abúlé dára gan-an. Àwọn tó ṣe é dìídì ṣe é fún ojú ọ̀nà eléyangí, táyà rẹ̀ nípọn, kì í yọ̀. Ṣùgbọ́n àwo eléyín kan ṣoṣo ló wà níwájú rẹ̀, ó sì tóbi jù. Tí o bá dé òkè tó wà lẹ́yìn ìlú, ẹsẹ̀ kì í lè yí i mọ́, orúnkún á máa ta ọ́, wàá sọ̀ kalẹ̀, wàá máa ti kẹ̀kẹ́ nínú oòrùn, yìnyín inú kúlà á sì máa yọ́. O ní o fẹ́ àwo méjì tó kéré sí i, àti irin tó ń ti ṣéènì láti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì, èyí tí a máa ń pè ní ati-ṣéènì ní ṣọ́ọ̀bù wa. Gbogbo èyí bọ́ sí i. Àfi ọ̀rọ̀ tí o fi parí rẹ̀. O ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi ṣe é. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ọwọ́ mi kò dára sí iṣẹ́ yẹn."

Mo ní mo ti gbọ́. Mo pa fóònù. Mi ò lè jẹun lọ́jọ́ náà.

Mi ò ní wá bá ọ ṣe é, Àbẹ̀kẹ́. Kì í ṣe pé Ìràwọ̀ jìnnà, kì í sì í ṣe pé mo ti dàgbà ju ẹni tó lè wọ mọ́tò lọ. Ìyá rẹ ní mo ti dàgbà jù, ìyẹn kan òun. Ìwọ ni wàá fi ọwọ́ ara rẹ ṣe é. Tí mo bá wá ṣe é fún ọ, a jẹ́ pé mo tún ti kín irọ́ kan lẹ́yìn, irọ́ tó ti wà láàárín èmi àti ìwọ fún ọdún mọ́kànlá, pé ọwọ́ rẹ kò dára. Èmi ni mo ni irọ́ náà. Màá sọ bó ṣe jẹ́ kí n tó parí ìwé yìí. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti kẹ̀kẹ́, nítorí ẹ̀rù ń bà mí, ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ nìkan ni mo sì mọ̀ ọ́n sọ tí ohùn mi kì í gbọ̀n.

Èkíní. Kí o tó ra àwo kankan, wọn ihò rẹ̀. Tú èyí tó wà lára kẹ̀kẹ́, tẹ́ ẹ sórí páálí, fi bírò sàmì sí ihò bóòtù kọ̀ọ̀kan, kí o mú páálí yẹn dání lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á. Má fi ojú wọ̀n ọ́n. Àwọn àwo kékeré kan wà tí ihò wọn sún mọ́ àárín ju ti irin pẹ́dà rẹ lọ. Wọn kò ní wọlé, bó ti wù kí ó wù ọ́ tó.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Búráímọ̀, kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ ẹ, mo ra àwo fún oníbàárà láìwọn ihò. Nígbà tí kò wọlé, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà, mo ní kó lu ihò tuntun sí i. Lójú mi, mo gbọ́n. Àwo náà kò sì sí ní àárín gbùngbùn. Ṣéènì á le, á dẹ̀, á tún le, á tún dẹ̀, ọkùnrin náà ń mì lórí kẹ̀kẹ́ bí ẹni pé ó ń jó. Ọ̀gá mi kò nà mí. Ó gbé kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ fún oníbàárà, ó ní èmi ni kí n máa gun ti ọkùnrin yẹn wá síbi iṣẹ́ fún oṣù kan. Rẹ́rìn-ín bó bá wù ọ́. Ìdí mi kò gbàgbé oṣù náà.

Èkejì. Tí àwo méjèèjì bá ti wọlé, yí pẹ́dà pẹ̀lú ọwọ́, kí o bẹ̀rẹ̀ wo àárín àwo kékeré àti irin kẹ̀kẹ́ tó lọ sí táyà ẹ̀yìn. Ó kéré tán, kí igi ìṣáná méjì lè gba ibẹ̀. Bí kò bá gbà, irin àárín tó so pẹ́dà méjèèjì pọ̀ ti kúrú jù nìyẹn, wàá pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó gùn díẹ̀. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé kò séwu.

Èmi ni mo máa ń sọ ọ́ nígbà kan. Àgbẹ̀ kan wá láti Tẹ̀dé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró, mo fẹ́ràn kí ènìyàn máa tètè lọ kí òmíràn lè wọlé. Àwo tí mo fi sí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń ha irin. Ó ní, "Ọ̀gá, mò ń gbọ́ nǹkan." Mo ní, "Yóò mọ́ra." Ó gbà mí gbọ́, ó lọ. Ìgbà tí wọ́n gbin iṣu tán ló padà wá, àwo ti gé irin náà dé ìdajì. Kò bá mi jà. Ó ní, "Ìwọ lo ní yóò mọ́ra," ó jókòó, ó ń wò mí. Ì bá sàn kó bú mi.

Ìwọ tí o ń tọ́jú ènìyàn báyìí, mo fẹ́ kí o di èyí mú. Tí ìyá kan bá gbé ọmọ wá bá ọ tó ní ara rẹ̀ ń gbóná, tí o kò mọ ohun tó fà á, sọ pé o kò mọ̀. Darí rẹ̀ sí ẹni tó mọ̀. Má sọ fún un pé yóò mọ́ra torí pé o fẹ́ kí ìlà ó tètè tán.

Ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ ṣéènì. Àwo tó kéré kò nílò ṣéènì gígùn, nítorí náà èyí tó wà lára kẹ̀kẹ́ rẹ yóò dẹ̀, yóò máa na irin. Wàá gé díẹ̀ kúrò. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ gbé e sórí èyí tó tóbi nínú àwo méjì iwájú, kí o sì gbé e sórí èyí tó tóbi jù nínú àwọn àwo ẹ̀yìn, kí o wo bó ṣe fà tó. Ibẹ̀ ni yóò ti sọ iye tó yẹ kí o gé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gé ṣéènì kúrú ní ayé mi, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ìbínú ni mo fi gé e. Ẹni tí inú ń bí, kó gbé ohun tí wọ́n fi ń gé ṣéènì sílẹ̀ kó lọ mu omi.

Má gbàgbé pé wàá nílò ọwọ́ gíà, èyí tó ń fa wáyà ati-ṣéènì, ní apá òsì, nítorí ti ọ̀tún nìkan ni kẹ̀kẹ́ aláwo-kan máa ń ní. Èyí tí wọ́n ń fi àtàǹpàkò tì ni kí o rà. Kò rẹwà, àmọ́ kì í dààmú ènìyàn.

Ẹ̀kẹrin. Ara òpó tó wà lábẹ́ ìjókòó ni wàá de ati-ṣéènì mọ́. Torí pé àwo rẹ yóò kéré, ó gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ ju ibi tí wọ́n sábà máa ń dè é sí lọ. Kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi igi ìṣáná kan ga ju eyín àwo tó tóbi lọ, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba gbọọrọ pẹ̀lú àwo. Tó bá ga jù, ṣéènì á máa já bọ́ sílẹ̀ nígbà tí o bá fẹ́ kó bọ́ sórí èkejì. Tó bá wọ́, á máa ha, wàá máa gbọ́ kírìkírì títí wàá fi dé abúlé.

O mọ èyí. Àbí kí ni mò ń sọ fún ọ? Ìwọ lo kọ́kọ́ fi igi ìṣáná wọ̀n ọ́n ní ṣọ́ọ̀bù wa. Lọ́dọ̀ rẹ ni mo ti kọ́ ọ.

Ẹ̀karùn-ún. Síkúrù méjì ló wà lórí ati-ṣéènì. Ọ̀kan ń sọ ibi tó lè dé ní ìta, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ṣéènì ré àwo ńlá kọjá. Èkejì ń sọ ibi tó lè dé ní inú. Tí ènìyàn bá yí ti inú yìí wọlé jù, ati-ṣéènì kò ní lè rìn dé orí àwo kékeré mọ́. Ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ lè ti ọwọ́ gíà títí ìka rẹ̀ á fi bó, ṣéènì á jókòó sórí àwo ńlá ni. Kò sì ní mọ̀ pé síkúrù ni. Yóò rò pé wáyà ló dẹ̀. Yóò rò pé òun ni kò mọ iṣẹ́.

Mo ti dé ibẹ̀ wàyí. Mo gbé bírò sílẹ̀, mo jáde lọ síta, mo wọlé, mo tún jáde. Ìyá rẹ ń wò mí láti ibi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. Jẹ́ kí n sọ ọ́.

Ìwọ náà mọ àṣà ẹgbẹ́ wa. Lọ́jọ́ fúrídọ̀mù, ọmọ iṣẹ́ yóò to kẹ̀kẹ́ kan pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀ láti inú àlòkù, yóò di ogún iṣu sẹ́yìn rẹ̀, yóò gun òkè ilé-kéwú láìfẹsẹ̀ kanlẹ̀. Àwọn àgbà á dúró lókè, wọ́n á ṣàdúrà fún un, ó ti di ọ̀gá nìyẹn. Tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kanlẹ̀, ó di ọdún tó ń bọ̀. Èmi gbé iṣu márùndínlọ́gbọ̀n gùn ún nígbà tèmi, mo sì ti fi yangàn débi pé ara ìyá rẹ máa ń bù máṣọ tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀. Àwo ńlá kan ṣoṣo ni gbogbo wa fi gùn ún. Kì í ṣe òfin. Òun náà ṣáà ni a ní.

Ìwọ nìkan lọmọbìnrin tó kọ́ṣẹ́ dópin nínú ẹgbẹ́ wa. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni ọ́. O lọ tú àwo méjì àti ati-ṣéènì lára kẹ̀kẹ́ òyìnbó kan tó ti bàjẹ́, o tò ó mọ́ tìrẹ. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ. Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú fúrídọ̀mù, o pè mí. O ní, "Bàbá, ẹ wò ó." O gbé táyà ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀, o ń yí pẹ́dà, o ti ọwọ́ gíà, ṣéènì sọ̀ kalẹ̀ láti orí àwo ńlá sórí kékeré wẹ́rẹ́, ó tún gòkè padà wẹ́rẹ́. Mo ń wo ọwọ́ rẹ. Ọwọ́ yẹn dára ju tèmi lọ, Àbẹ̀kẹ́. Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ohun tí mo sọ ni, "Hẹ̀n, a ti rí i." Ìyẹn náà ni gbogbo ohun tí mo sọ.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Bàbá Súlè, alága ẹgbẹ́ nígbà náà, ya ṣọ́ọ̀bù. Ó rí kẹ̀kẹ́ náà, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Làmídì, o ti bá ọmọ rẹ rẹ òkè sílẹ̀ kó tó débẹ̀." Ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe. Kí Ọlọ́run dárí jì í, kò mọ ohun tó dá sílẹ̀. Ìtìjú bò mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí i bí wọn yóò ṣe máa sọ ọ́ kiri, pé torí ó jẹ́ ọmọ mi, torí ó jẹ́ obìnrin, Làmídì wá ọgbọ́n mìíràn fún un. Nígbà tí o lọ kírun alásárì, mo mú síkúrùdíráfà. Mo yí síkúrù inú yẹn wọlé, ìyípo mẹ́ta.

Kí o tó dé, mo ti di iṣu sẹ́yìn kẹ̀kẹ́. O ní o fẹ́ tún dán an wò. Mo ní kí o má wulẹ̀ ṣe wàhálà, iṣu ti wà lórí rẹ̀, kí o lọ sinmi, kí o fi agbára pamọ́. O ní, "Ó dáa, Bàbá." O gbọ́ràn sí mi lẹ́nu.

Ohun tí mo sọ fún ara mi ni pé ẹsẹ̀ rẹ á gbé e. Pé o kò tilẹ̀ ní nílò àwo kékeré. Pé o máa fi àwo ńlá gun òkè bí gbogbo ènìyàn, àwọn àgbà á ní ọmọ Làmídì ni lóòótọ́, ìwọ náà á mọ̀ pé o lè ṣe é. Mo ní mò ń ràn ọ́ lọ́wọ́. Ká má parọ́, orúkọ ara mi ni mò ń ràn lọ́wọ́.

Ọjọ́ kejì, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni mo dúró sí, ní ibi tí òkè ti le jù. Mo rí ọ tí o ń bọ̀. Mo rí àtàǹpàkò rẹ tó ti ọwọ́ gíà. Ṣéènì kò mira. O tún tì í. O tún tì í. O wo ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà o gbójú sókè, o wò mí. Ènìyàn mìíràn ì bá sọ̀ kalẹ̀. Ìwọ dìde dúró lórí pẹ́dà, o fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Mo gbọ́ ìró orúnkún rẹ láti ibi tí mo wà. Ìwọ àti kẹ̀kẹ́ àti ogún iṣu lẹ jọ ṣubú.

Nígbà tí wọ́n ń gbé ọ lọ, mo ní èmi á mú kẹ̀kẹ́ wálé. Ẹ̀yìn ilé-kéwú ni mo ti yí síkúrù náà padà sí bó ṣe wà. Nígbà tí Bàbá Súlè àti àwọn tó kù fi máa yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí ohun tó ṣe é. Wọ́n ní wáyà ni o kò dè dáadáa. Mo dúró láàárín wọn, mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Èyí tó burú jù kọ́ nìyẹn. Ọjọ́ kẹta, nínú yàrá ìyá rẹ, ẹsẹ̀ rẹ wà lórí ìrọ̀rí, wọ́n ti dì í. Mo jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. O ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Mi ò de wáyà yẹn dáadáa. Mo dójú tì yín." Mo ní, "Kò burú. Ó máa ń ṣẹlẹ̀." Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí mo ṣẹ̀ ń bẹ̀ mí, mo sì gba ẹ̀bẹ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo dìde, mo lọ jẹun.

Lẹ́yìn ìyẹn, o kó gbogbo súpánà rẹ fún ìyá rẹ, o ní kó fún ẹni tó bá fẹ́. O lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìlera. Gbogbo ènìyàn ní ó dára bẹ́ẹ̀, pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sàn ju kí obìnrin máa fi gíríìsì para. Èmi náà ń bá wọn sọ ọ́. Ó lè jẹ́ òótọ́, mi ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé o kò fi iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ torí pé o kò fẹ́ ẹ mọ́. O fi í sílẹ̀ torí o rò pé o kò mọ̀ ọ́n ṣe, bẹ́ẹ̀ irọ́ ni.

O lè bi mí pé kí ló dé tí mi ò sọ ọ́ láti ìgbà yìí. Ọjọ́ kejì ni mo fẹ́ sọ ọ́, ó ti wúwo ju ti ọjọ́ kìíní lọ. Mo ní kí ẹsẹ̀ rẹ kọ́kọ́ san. Ó san díẹ̀, mo ní kí o kọ́kọ́ ṣe ìdánwò. Àárọ̀ ọjọ́ yìgì rẹ, mo ti pè ọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ṣé o rántí? O rò pé mo fẹ́ ṣàdúrà fún ọ. O ń bọ̀ lórí àtẹ̀gùn, mo rí bí o ṣe ń fi ọwọ́ di ògiri mú kí orúnkún ọ̀tún má baà gbé ọ ṣubú. Mo ṣàdúrà. O ṣe àmín.

Nítorí náà, ẹ̀kẹfà, èyí kì í ṣe ti kẹ̀kẹ́. Níbi iṣẹ́ rẹ, tí o bá ṣi abẹ́rẹ́ fún ọmọ ọlọ́mọ, tí o bá kọ oògùn tí kò yẹ, sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Sọ ọ́ nígbà tí ọwọ́ rẹ ṣì ń gbọ̀n. Wọ́n lè lé ọ. Wọ́n lè bú ọ lójú gbogbo ènìyàn. Jẹ́ kí wọ́n bú ọ. Mo ti fi ọdún mọ́kànlá ṣe ẹni iyì ní ìlú yìí, wọ́n ń pè mí sí ọ̀rọ̀, wọ́n ti fi mí jẹ alága ẹgbẹ́, mi ò sì gbádùn ọjọ́ kan nínú rẹ̀ tí mo bá ti rántí ojú tí o fi wò mí lórí òkè yẹn.

Mo fẹ́ padà sí síkúrù, torí mo fẹ́ kí o ṣe é kí ó pé. Kí o tó so wáyà rárá, gbé ṣéènì sórí àwo kékeré níwájú àti èyí tó tóbi jù lẹ́yìn. Yí síkúrù inú díẹ̀díẹ̀ títí ẹ̀gbẹ́ inú ati-ṣéènì yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ṣéènì tí kò ní kàn án, kí bébà kan ṣoṣo lè gba àárín wọn. Ìgbà yẹn ni kí o wá fa wáyà, kí o dè é. Ti ìta ni kí o ṣe kẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, dán an wò. Dán an wò láìsí ẹrù, dán an wò pẹ̀lú ẹrù. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí o má dán an wò, ìbáà jẹ́ ọ̀gá rẹ, ìbáà jẹ́ ọkọ rẹ, ìbáà jẹ́ èmi, dán an wò lójú rẹ̀.

Tí o bá dé òkè, bọ́ sórí àwo kékeré kí ó tó le, má dúró títí yóò fi le. Tí orúnkún bá sì ta ọ́, sọ̀ kalẹ̀. Kò sí àgbà kankan tó dúró lókè. Kí o sì lọ rí dókítà eegun. Àwo kékeré kì í ṣe oògùn, má fi tan ara rẹ jẹ.

Fúrídọ̀mù mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn ìkórè. Èmi ni alága. Mo ti pinnu pé màá sọ ohun tí mo ṣe níwájú ẹgbẹ́, lórí òkè náà, kí ẹnikẹ́ni tó di iṣu kankan sẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Ohun tó bá wù wọ́n ni kí wọ́n ṣe fún mi. Ṣùgbọ́n mi ò lè jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ ṣáájú rẹ, ìdí nìyẹn tí lẹ́tà yìí kò fi lè dúró mọ́.

Mi ò tọrọ àforíjì nínú rẹ̀, bóyá o ti kíyè sí i. Mo ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì ya á. Tí mo bá tọrọ rẹ̀, o máa fún mi, mo mọ̀ ọ́. Wàá ní, "Bàbá, ó ti kọjá." Mi ò fẹ́ kí o fún mi ní nǹkan kan lónìí. Lọ to kẹ̀kẹ́ rẹ ná. Tí o bá ti gun òkè yẹn, tí o fi àtàǹpàkò ti ọwọ́ gíà, tí ṣéènì sọ̀ kalẹ̀, kí o mọ̀ pé bó ṣe yẹ kó rí lọ́jọ́ yẹn nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ohunkóhun tó bá wà nínú rẹ fún mi, ìbínú ni o, èébú ni o, gbé e wá. Mo wà nílé.

Lánàá ni mo sọ fún ìyá rẹ. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, má fura sí i. Kò pariwo. Ó ní, "Ọmọ yẹn bẹ̀ yín nínú yàrá mi." Ní òwúrọ̀ yìí, mo ní kó bá mi ka lẹ́tà yìí kí n tó fi ránṣẹ́. Ó kà á tán, ó dá a padà fún mi. Ó ní kí n kọ orúkọ mi sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kí n má tíì kọ "bàbá rẹ" síbẹ̀. Ó ní ìwọ lo ni ín láti sọ bóyá mo ṣì jẹ́ ẹ.

Òótọ́ ló sọ.

Èmi ni,
Làmídì.